Bí A Ṣe Ń Tọ́ka Sí Ìwé Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí: Kí Ni Olùkọ́ Ń Béèrè Gan-an?

Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn bá ń sáré parí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń rò. Olùkọ́ ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Níbo lo ti rí èyí?", inú sì ń bí akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ó ti kọ orúkọ ìwé náà sí ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún un ṣe, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ kejì, ìyẹn ní òun kò fẹ́ ọdún nínú àkámọ́, pé nọ́ńbà kékeré tó ń darí ẹni lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni òun fẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn ní ohun tí wọ́n kọ́ àwọn yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Nígbà tó bá yá, akẹ́kọ̀ọ́ á gbà pé ọ̀rọ̀ ìtọ́kasí kò ju ìyọnu àwọn olùkọ́ lọ, á sì san owó fún onítáípù tó wà lẹ́nu ọ̀nà iléèwé pé kó bá òun tò ó bó ṣe mọ̀ ọ́n tò.

Onítáípù kò lè tò ó, nítorí pé kò ka ìwé náà. Gbogbo orúkọ, ọdún, àmì ìdánudúró àti nọ́ńbà tó wà nínú ìtọ́kasí ló ń dáhùn ìbéèrè kan pàtó, ẹni tó bá sì ti mọ ìbéèrè náà kò ní máa há ìlànà sórí bí ẹni há ìṣirò tí kò yé e.

## Kí ni à ń pè ní ìtọ́kasí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àyọlò ni ọ̀rọ̀ tí a mú láti inú ìwé ẹlòmíràn gẹ́lẹ́ bí ó ṣe kọ ọ́, tí a sì fi àmì àyọlò sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀. Ìtọ́kasí ni àmì kúkúrú tí a fi sínú iṣẹ́ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tàbí èrò tí a yá, láti fi hàn pé ọwọ́ ẹnìkan ni a ti yá a. Àtòjọ ìwé ìtọ́kasí ni abala tó wà ní ìparí iṣẹ́, níbi tí a ti kọ gbogbo ohun tó yẹ ní mímọ̀ nípa ìwé kọ̀ọ̀kan lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́.

Àmì kúkúrú inú iṣẹ́ àti àlàyé kíkún tó wà lẹ́yìn dà bí nọ́ńbà tí alágbàfọ̀ fi síbi ọrùn aṣọ àti orúkọ oníbàárà tó kọ sínú ìwé rẹ̀. Nọ́ńbà nìkan kò lè sọ ẹni tó ni aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ inú ìwé nìkan kò lè sọ èwo nínú aṣọ aadọ́ta tó wà lórí okùn ni tirẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ orúkọ ìwé sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò fi àmì kankan sí ọrùn aṣọ, olùkọ́ kò sì mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé àti èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ rò pé àyọlò tó wà nínú àmì àyọlò nìkan ló ń fẹ́ ìtọ́kasí. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ara yín tún èrò ẹlòmíràn sọ, èrò náà kò tíì di tiyín. Aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ni ẹ pààrọ̀. Ohun tí kò nílò ìtọ́kasí ni ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Kò sí ẹni tí yóò bi yín níbi tí ẹ ti rí i pé Ìbàdàn ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ìdí tí Ìbàdàn fi di ìlú jagunjagun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹnìkan ló jókòó ṣe ìwádìí kó tó mọ̀ ọ́n, orúkọ ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jáde.

Àṣà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹsẹ Ifá rí mọ̀ pé babaláwo kì í já lu ìtàn bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn awo tó dá Ifá náà ló kọ́kọ́ máa ń kì, kó tó sọ ẹni tí wọ́n dá a fún àti ohun tó gbé onítọ̀hún dé ọ̀dọ̀ wọn. Bákan náà ni ọmọdé tó bá pa òwe níwájú àgbà ṣe máa ń ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o," tí àgbà á sì dá a lóhùn pé, "Wà á rí òmíràn pa." Ọmọ náà ń jẹ́wọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí òun tó dé. Ohun tí iṣẹ́ ìwádìí fi lé e ni pé ìjẹ́wọ́ nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ẹlòmíràn lè lọ, kí ó ṣí ìwé náà, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

## Ìbéèrè wo ni ìtọ́kasí ń dáhùn?

Bí ẹ bá sọ fún àlejò tó ń bọ̀ láti Èkó pé kó wá bá yín ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, ẹ kò purọ́, àmọ́ àlejò náà yóò sùn sí gáréèjì. Ó fẹ́ mọ ojúlé, ó fẹ́ mọ agbo ilé, ó fẹ́ mọ ohun tó wà níwájú ilé náà. Ẹni tó ń ka iṣẹ́ yín wà ní ipò àlejò yìí. Ó fẹ́ mọ ẹni tó kọ ìwé, ọdún tí ìwé jáde, àkọlé rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, àti ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà. Nǹkan márùn-ún náà nìyẹn. Bí ìwé bá ní olóòtú tàbí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀, wọ́n á di mẹ́fà.

Ojú ìwé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun gan-an sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Láti sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé olójú ìwé 680 láìsọ ibi tó wà dà bí kí a ní abẹ́rẹ́ wà lọ́jà Ọ̀jẹ́. Lábẹ́ ìlànà APA, tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, nọ́ńbà ojú ìwé di dandan nígbà tí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ lò gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá kàn tún èrò sọ, wọn kò fi dandan lé e, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bínú bí ẹ bá kọ ọ́.

## Kí ló dé tí ìlànà fi pọ̀ tó báyìí?

Ìlànà pọ̀ nítorí pé ohun tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń yára wò kò rí bákan náà. Nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọdún ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, nítorí pé àbájáde ìwádìí ọdún 1970 lè ti di ohun tí wọ́n já nírọ́ lónìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọdún sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé nínú àkámọ́. Ẹni tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ lo irú àkámọ́ bẹ́ẹ̀ ni Edward Laurens Mark, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Harvard, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1881 lórí ẹyin irú ìgbín kan tí kò ní ìkarahun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe irú ìtọ́kasí yìí ní ti Harvard. Orí rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà kọ́ tiwọn lé, ìyẹn APA. Ní ọdún 1929 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ojú ìwé 7 péré ni gbogbo ìlànà náà nínú jọ́nà kan, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníwádìí. Ẹ̀dà keje rẹ̀ tó jáde ní ìparí ọdún 2019 ti lé ní 400 ojú ìwé. Ẹ kò lẹ́bi bí orí bá ń fọ́ yín.

Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ máa ń padà sínú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, nítorí náà ojú ìwé ló jẹ wọ́n lógún ju ọdún lọ. Ìlànà MLA tí wọ́n ń lò, ìyẹn ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ní Amẹ́ríkà, kì í kọ ọdún sínú iṣẹ́ rárá. Orúkọ àti nọ́ńbà ojú ìwé ló ń kọ. Àwọn òpìtàn ní tiwọn ń lo lẹ́tà àtijọ́, ìwé kóòtù, ìwé ìròyìn tó ti gbó, èyí tí kò ṣe é há sínú àkámọ́, ni wọ́n fi ń lo nọ́ńbà kékeré tó ń tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Chicago, ti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago, tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1906, tí ẹ̀dà kejìdínlógún rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2024.

Ìbéèrè pé èwo ló dára jù kò ní ìdáhùn. Èyí tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín, jọ́nà yín tàbí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ yín bá ní kí ẹ lò ni kí ẹ lò. Ohun tí kò sí ẹni tí yóò gbà ni kí ẹ dà wọ́n pọ̀, kí ojú ìwé kan máa sọ èdè APA, kí èkejì máa sọ ti Chicago.

## Ìwé kan ṣoṣo ní ọ̀nà mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé tí ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ nípa ìtàn Yorùbá kò lè ṣe kó má tọ́ka sí, ìyẹn ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ká ní ojú ìwé 45 ni ẹ ti yọ ọ̀rọ̀ lò. Lábẹ́ ìlànà APA, ohun tí ẹ óò kọ sínú iṣẹ́ ni (Johnson, 1921, p. 45), tí ẹ óò sì kọ èyí sí àtòjọ ẹ̀yìn:

Johnson, S. (1921). *The history of the Yorubas: From the earliest times to the beginning of the British Protectorate* (O. Johnson, Ed.). Routledge.

Lábẹ́ MLA, (Johnson 45) ló tó nínú iṣẹ́. Ní ẹ̀yìn, ẹ óò kọ báyìí:

Johnson, Samuel. *The History of the Yorubas: From the Earliest Times to the Beginning of the British Protectorate*. Edited by O. Johnson, Routledge, 1921.

Ní ti Chicago, nọ́ńbà kékeré ló máa wà nínú iṣẹ́, èyí ni yóò sì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé:

1. Samuel Johnson, *The History of the Yorubas: From the Earliest Times to the Beginning of the British Protectorate*, ed. O. Johnson (London: Routledge, 1921), 45.

Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni kan náà, ìwé kan náà, ọdún kan náà. APA gé orúkọ àkọ́kọ́ kù sí lẹ́tà kan, ó gbé ọdún síwájú, ó sì fi lẹ́tà kékeré kọ àkọlé àyàfi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé àmì kólọ̀nù, àti orúkọ ènìyàn tàbí ibi. MLA kọ orúkọ náà ní kíkún, ó sì ti ọdún sí ìparí. Chicago fi orúkọ àkọ́kọ́ ṣáájú nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, nítorí pé ibẹ̀ kì í ṣe àtòjọ a-b-d tí a ní láti wá orúkọ bàbá nínú rẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé jáde, èyí tí àwọn olùkọ́ wa àgbà kò jẹ́ fi ṣeré, ti kúrò nínú ìlànà APA láti ẹ̀dà keje, ẹ̀dà tuntun Chicago náà kò sì fi dandan lé e mọ́. Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ kọ Ìbàdàn tàbí London síbẹ̀, ẹ kọ ọ́; ẹ̀dà tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ń lò.

Lẹ́tà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi kọ àkọlé ń jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé odindi ìwé ni. Orí kan nínú ìwé tàbí àpilẹ̀kọ inú jọ́nà kì í fì bẹ́ẹ̀. Ìwé tàbí jọ́nà tó gbà á sínú ló máa ń fì.

## Ọdún wo gan-an ni kí n kọ?

Ìwé Johnson yìí kan náà ló máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù. Mo ti rí iṣẹ́ tó pè é ní ti 1897, mo ti rí ti 1921, mo sì ti rí àwọn tó kọ ọdún tó súnmọ́ tiwa yìí. Ó jọ pé méjì lára wọn ń parọ́, bẹ́ẹ̀ olúkúlùkù ló rí ọdún tirẹ̀ nínú ìwé náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1897, ọdún náà ló sì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí London, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó sì tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òun náà fi í ránṣẹ́ ní ọdún 1916, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, Appam, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún un tẹ̀, ní Èkó àti lókè òkun.

Nítorí náà, 1897 ni ọdún tí wọ́n kọ ọ́, 1921 ni ọdún tó jáde, ọdún tó wà nínú ẹ̀dà ọwọ́ yín sì jẹ́ ọdún tí wọ́n tún un gbé jáde. Ìlànà tó dájú ni pé ẹ̀dà tí ẹ dì mú lọ́wọ́ ni ẹ ń tọ́ka sí, nítorí pé nọ́ńbà ojú ìwé rẹ̀ ni ẹ kọ. Bí ẹ̀dà náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n tún gbé jáde ní ọdún mìíràn, APA gbà kí ẹ kọ ọdún méjèèjì, ti àkọ́kọ́ ṣáájú, kí ẹ fi ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ (/) là wọ́n láàárín, kí òǹkàwé má baà rò pé ẹni tó kú ní 1901 kọ ìwé ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àtúntẹ̀ lásán àti ẹ̀dà tuntun. Àtúntẹ̀ ni kí ìwé tán lórí àtẹ, kí wọ́n sì tún tẹ irú rẹ̀ gan-an láìyí nǹkan kan padà. Ẹ̀dà tuntun ni kí òǹkọ̀wé jókòó, kí ó fi orí kan kún un, kí ó yọ èyí tí kò dára mọ́, tí ojú ìwé gbogbo á sì ṣípò. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, ẹ lè bá ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé wọ́n tún un tẹ̀ kì í yí ọdún ìwé padà. Ọdún tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé ẹ̀dà kejì tàbí ìkẹta ni ni kí ẹ mú, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ̀dà kejì ni.

## Ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbé e jáde

Orúkọ bàbá ló ń ṣáájú nínú àtòjọ. Gbogbo oyè á sì sọ̀kalẹ̀: Olóyè, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Àlùfáà, Alhaji, Dókítà, kò sí èyí tó ń wọlé. Mo mọ̀ pé èyí máa ń dun àwa Yorùbá, pé kí ọmọ ogún ọdún kọ "Johnson" lásán bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àrífín. Bí oyè bá wọlé, orúkọ ìdajì àwọn òǹkọ̀wé wa yóò wà lábẹ́ lẹ́tà O pẹ̀lú Olóyè. Bí ẹ bá sì ń kọ iṣẹ́ ní èdè Yorùbá, mo fara mọ́ àwọn tó ń lo "ó" fún òǹkọ̀wé kan ṣoṣo dípò "wọ́n", nítorí pé "wọ́n" lè mú kí òǹkàwé máa wá òǹkọ̀wé kejì.

Bí orúkọ ṣe wà lójú ewé àkọlé ni kí ẹ kọ ọ́. Bí obìnrin kan bá fi orúkọ bàbá rẹ̀ kọ ìwé kìíní, tó sì fi orúkọ ọkọ kọ èkejì, orúkọ méjì ló máa wà nínú àtòjọ yín. Bó ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú àmì ohùn: bí ìwé bá ní àmì, ẹ fi í síbẹ̀, bí wọ́n bá tẹ àkọlé láìsí àmì, ẹ má bá wọn tún un ṣe, nítorí pé bó ṣe wà lára ìwé ni yóò wà lára káàdì ilé ìkàwé. Bí òǹkọ̀wé bá pé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, APA àti MLA gbà kí ẹ kọ orúkọ ẹni àkọ́kọ́ nìkan nínú iṣẹ́, kí ẹ sì fi "et al." tẹ̀ lé e. Èdè Látìn ni, kò ní ìtumọ̀ ju "àti àwọn yòókù" lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ìlú wa ti ń fa ìjọ̀ngbọ̀n ni ti ilé-iṣẹ́ tó gbé ìwé jáde. Ẹni tó tẹ ìwé àti ẹni tó gbé e jáde kì í ṣe ọ̀kan náà. Atẹ̀wé tó wà ní Ṣómólú gba owó, ó fi ẹ̀rọ tẹ bébà, ó so ó pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ẹni tó gbé ìwé jáde ni ẹni tó gbà á wọlé, tó náwó lé e lórí, tó sì ń tà á. Bí bàbá àgbà kan bá kọ ìtàn ìlú rẹ̀, tó sì sanwó títẹ̀ fúnra rẹ̀, òun gan-an ló gbé e jáde, atẹ̀wé kò sì ní ìpín nínú ìtọ́kasí. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò bá ní ọdún, ẹ má méfò. Ẹ kọ àmì "n.d." tó túmọ̀ sí pé ìwé náà kò ní ọdún, ẹ̀rí ọkàn yín á mọ́.

## Ìwé alápapọ̀ àti ìwé tí wọ́n túmọ̀

Bí olóòtú kan bá kó àpilẹ̀kọ ènìyàn mẹ́wàá jọ sínú ìwé kan, ẹni tó kọ orí tí ẹ kà ni ẹ óò dárúkọ nínú iṣẹ́. Olóòtú kò sọ ohun tí ẹ yọ lò. Orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú àtòjọ ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe kòkárí ìwé náà, pẹ̀lú ojú ìwé tí orí náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ní ti ìtumọ̀, ìwé Fágúnwà tó jáde ní ọdún 1938, *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, yóò tó fún àpẹẹrẹ. Wole Soyinka túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ náà sì jáde ní ọdún 1968. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ka Gẹ̀ẹ́sì Soyinka, tó wá kọ àkọlé Yorùbá àti ọdún 1938 sí àtòjọ nítorí pé ó fẹ́ kó dà bí ẹni tó ka ojúlówó, ti rán òǹkàwé lọ sí ilé onílé. Ojú ìwé tó kọ kò ní bá ti ìwé Yorùbá mu. Fágúnwà ni òǹkọ̀wé, Soyinka ni ògbufọ̀, 1968 ni ọdún ẹ̀dà tó kà.

## Bí mi ò bá rí ìwé náà fúnra mi ńkọ́?

Lágbájá kọ ìwé ní ọdún 2010, ó sì yọ ọ̀rọ̀ Tẹ̀mẹ̀dù ọdún 1985 lò nínú rẹ̀. Ẹ ka ìwé Lágbájá, ẹ kò fojú kan ti Tẹ̀mẹ̀dù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n kọ (Tẹ̀mẹ̀dù, 1985) bí ẹni tó kà á. Bí Lágbájá bá ṣi ọ̀rọ̀ náà kọ ńkọ́? Àṣìṣe rẹ̀ á wọ inú iṣẹ́ yín, á sì jọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ kọ ọ́ pé Tẹ̀mẹ̀dù ló sọ ọ́ ní 1985, gẹ́gẹ́ bí Lágbájá ṣe tọ́ka sí i ní 2010, Lágbájá nìkan ni yóò sì wà nínú àtòjọ ẹ̀yìn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe pàtàkì sí iṣẹ́ yín, ẹ wá ìwé Tẹ̀mẹ̀dù lọ.

Àmì Látìn mìíràn tó máa ń ko àwọn ènìyàn láyà ni "ibid." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ibì kan náà", ìyẹn ni pé ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ tán nínú àlàyé tó ṣáájú ni a tún ń sọ. APA àti MLA kò lò ó rárá, Chicago pàápàá ti ń gbani níyànjú pé ká fi í sílẹ̀. Ìdí kò le: bí ẹ bá gbé ìpínrọ̀ kan láti ojú ìwé 12 lọ sí ojú ìwé 30 lórí kọ̀ǹpútà, "ibid." inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí ìwé tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà.

## Ìwé tí kò sí láyé

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìwé ìròyìn Chicago Sun-Times ní Amẹ́ríkà gbé àtòjọ ìwé 15 jáde fún àwọn tó fẹ́ kàwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mẹ́wàá nínú wọn kò sí. Àwọn òǹkọ̀wé náà wà, ènìyàn ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ kọ̀wé, irú ChatGPT, ni ẹni tó ṣe àtòjọ náà lò, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa báyìí. Ẹ̀rọ náà mọ bí ìtọ́kasí ṣe máa ń rí, nítorí náà á gbé orúkọ gidi, ọdún tó bọ́gbọ́n mu àti àkọlé tó dùn ún gbọ́ kalẹ̀, gbogbo kọ́mà á wà láàyè wọn, ìwé nìkan ni kò ní sí.

Ìyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá àkọlé náà nínú WorldCat, ìyẹn àkójọ ìwé àwọn ilé ìkàwé àgbáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí nínú káàdì ilé ìkàwé yín. Ẹ wo nọ́ńbà ISBN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún ìwé. Láti ọdún 2007, ẹyọ nọ́ńbà 13 ló wà nínú rẹ̀, 978 tàbí 979 ló sì ń bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tó ti pẹ́ lè ní ẹyọ nọ́ńbà 10 tàbí kó má ní rárá. Àwọn ẹ̀rọ tó ń to ìtọ́kasí, bí Zotero àti Mendeley, kò jọ ChatGPT ní ti pé ohun tí ẹ bá kó fún wọn ni wọ́n ń tò, wọn kò ní dá ìwé sílẹ̀ fúnra wọn. Àmọ́ bí ẹ bá kó orúkọ tí wọ́n ṣi kọ fún wọn, wọ́n á tò ó bẹ́ẹ̀.

## Ìgbà wo ló yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀?

Nígbà tí ìwé bá wà lọ́wọ́ yín ni. Mo sọ èyí nítorí ohun tí ojú mi rí. Nígbà kan, mo yá ìwé tó ṣòro rí fún wákàtí méjì péré, mo sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ onífótókópì, mo ní kó bá mi ya orí kẹta àti ìkẹrin. Nǹkan bí 40 ojú ìwé ni, mo fi pín-ìnnì mú un pọ̀, mo dá ìwé padà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí mo fẹ́ tọ́ka sí i, orí kẹta àti ìkẹrin wà níbẹ̀ rẹkẹtẹ, nọ́ńbà ojú ìwé wà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ wà pẹ̀lú ìlà tí mo fi pẹ́ńsù fà sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ òǹkọ̀wé nìkan ni mo rántí. Ọdún kò sí, ẹ̀dà kò sí, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde kò sí, nítorí pé ojú ewé àkọlé àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ láti dín owó fótókópì ojú ìwé méjì kù. Ìwé náà ti kúrò lórí pẹpẹ nígbà tí mo padà lọ, mo sì yọ gbogbo ìpínrọ̀ tó dá lé e kúrò nínú iṣẹ́ mi.

Láti ìgbà náà, ojú ewé àkọlé àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń yà, kí n tó ya èyí tí mo wá. Ní ọjọ́ tí mo bá sì fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo máa ń tẹ àtòjọ ẹ̀yìn sórí bébà, màá mú bírò, màá máa ka iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ kọ̀ọ̀kan tí mo bá bá nínú àkámọ́, màá fi àmì sí i nínú àtòjọ. Ìwé tí kò bá ní àmì nígbà tí mo bá kà á dé òpin, mo kọ ọ́ síbẹ̀ láìlò ó nìyẹn, yóò jáde. Orúkọ tí mo bá bá nínú iṣẹ́ tí n kò rí nínú àtòjọ ló máa ń rán mi padà sídìí àwọn fótókópì mi lóru.